Orúkọ màmá agbolé wa kò sí nínú ìwé tí ìjọba ń kọ orúkọ àwọn aláìní sí: ibo la ó gbà?

Ọmọ Màsífà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti tó oṣù méjì tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo gbé e wá síbí nítorí mo mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ jù mí lọ wà láàárín wa.

Màmá kan wà ní agbolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní àádọ́rin. Bàbá ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún wọn wà lókè Ọya, ó tó ọdún mẹ́rin tí a ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. Ọmọ-ọmọ méjì ló wà lọ́rùn wọn, ọ̀kan wà ní praimárì kẹta, èkejì kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bá àwọn tó ń ṣe láfún bó. Orúnkún ti ń dà wọ́n láàmú báyìí, ọjọ́ tí wọn ò bá sì lè jókòó sídìí ẹ̀gẹ́, iná kì í jó ní ibi ìdáná wọn.

Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnìkan wá sí àdúgbò, ó ní òun ń kọ orúkọ àwọn aláìní fún ìjọba, ó sì gba ₦1,000 lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan fún fọ́ọ̀mù. Ńṣe ni màmá yá owó ọ̀hún. A ò rí ọkùnrin náà mọ́. Nígbà tó yá la gbọ́ pé ₦25,000 wọ àkáǹtì àwọn kan ní àdúgbò kejì. Mo lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo rò pé ó yẹ kó mọ̀, ó ní orúkọ ti kún. Ṣé orúkọ máa ń kún ni? Ta là ń bá? Màmá kò ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí a gbé wọn lọ, ẹ̀rọ kò mú ìka wọn, ẹ̀gẹ́ bíbó ti jẹ gbogbo ìlà ọwọ́ wọn tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ọ̀nà, kó sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Òṣìṣẹ́ káńsù tẹ́lẹ̀

Ọmọ Màsífà, o ṣeun tó o gbé e wá. Mo wà lára àwọn tó bá wọn kiri wọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé náà ní ọ̀kan nínú káńsù márààrún agbègbè wa, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ìwé yìí, tí wọ́n ń pè ní National Social Register, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gba fọ́ọ̀mù fún. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí owó kankan. Ẹni tó gba ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ yín, olè ni. Ọ́fíìsì kan ní Àbújá tó ń jẹ́ NASSCO ló ń bójú tó ìwé náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tirẹ̀, SOCU ni wọ́n ń pè é, ti Ọ̀yọ́ wà ní Ìbàdàn. Ní káńsù, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á wá sí àdúgbò, wọ́n á rí baálé àti àwọn aṣáájú, wọ́n á dá ọjọ́ ìpàdé. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọkùnrin á jókòó lọ́tọ̀, àwọn obìnrin lọ́tọ̀, àwọn ọ̀dọ́ lọ́tọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi wọ́n ni pé, "Ní àdúgbò yín níbí, irú èèyàn wo lẹ ń pè ní aláìní?" Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sọ ọ́, ìjọba kọ́ ló ń sọ ọ́ fún yín. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ kan ní abúlé kan. Àwọn ọkùnrin ní aláìní ni ẹni tí kò ní ilẹ̀ oko. Àwọn obìnrin ní ẹni tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà onílé nígbà tí oúnjẹ bá jinná ni. Orúkọ tí àwọn méjèèjì kó wá kò bára mu rárá, ti àwọn obìnrin ló sì bá ohun tí a fojú ara wa rí mu nígbà tí a wọlé tọ àwọn èèyàn náà lọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á kó orúkọ láti ọ̀dọ̀ ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ síwájú gbogbo èèyàn, wọ́n á kà á sókè, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹnu kò, àwọn tó ń gbé táblẹ́ẹ̀tì kiri á wá máa wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á béèrè iye èèyàn, ọjọ́ orí, ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó ní àbùkù ara. Wọ́n á wo òrùlé, wọ́n á wo ilẹ̀ yàrá bóyá sìmẹ́ńtì ni àbí erùpẹ̀, wọ́n á béèrè ibi tí ẹ ti ń pọn omi, ohun tí ẹ fi ń dáná, bóyá ewúrẹ́ wà, bóyá rédíò wà. Kọ̀ǹpútà ló máa gbé gbogbo ìdáhùn náà lé ìwọ̀n tí yóò fi to àwọn ìdílé láti orí ẹni tó tálákà jù lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wíwà nínú ìwé kì í ṣe gbígba owó. Ìwé náà dà bí abà tí wọ́n kó orúkọ sí. Nígbà tí ètò kan bá dé, wọ́n á wá sínú abà náà, wọ́n á mú iye ìdílé tí owó wọn bá ká. Ẹlòmíràn ti wà nínú ìwé fún ọdún márùn-ún láìgba kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹni tí kò bá sí nínú abà rárá, kò sí ẹni tó máa mú un.

Ní ti pé orúkọ ti kún, kì í ṣe òótọ́. Ìwé tó yẹ kí wọ́n máa tún ṣe ni, wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn kì í wá lọ́dọọdún. Ẹ má jókòó máa retí wọn. Ẹ kọ lẹ́tà láti agbolé, kí baálé fọwọ́ sí i, kí ẹ to orúkọ gbogbo ìdílé tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀, kì í ṣe ti màmá nìkan, nítorí lẹ́tà tó bá jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo tètè máa ń sọnù. Ẹ mú un lọ sí káńsù, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tiyín tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ fi ẹ̀dà mìíràn ránṣẹ́ sí SOCU. Ètò ìgbọ́ ẹ̀sùn wà lábẹ́ iṣẹ́ yìí, ẹ̀sùn tí ẹ kọ sílẹ̀ ni wọ́n sì lè tọpa.

Ìyá alátẹ Wàásọ

Ọ̀gá, ẹ ṣeun o. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, torí ibi tó ti dun èmi nìyí.

Nígbà tí wọ́n wá sí agbolé tiwa, wọ́n béèrè lọ́wọ́ bàbá tó jẹ́ baálé pé ìdílé mélòó ló wà níbẹ̀. Bàbá ní, "Ọ̀kan ni, ọmọ ìyá ni gbogbo wa." Bàbá rò pé ohun ìtìjú ni kí àlejò gbọ́ pé àwọn ti pín. Ìdílé kan ni wọ́n kọ fún èèyàn tó lé ní ogójì, orúkọ bàbá ló sì wà lókè. Bàbá ní ilé, ó ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, wọn ò sì mú ẹnikẹ́ni nínú gbogbo wa.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni ọmọbìnrin tó gbé táblẹ́ẹ̀tì wá wáá sọ fún mi pé àwọn tó ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ń pè ní ìdílé kan. Ìkòkò ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka òrùlé. Opó tó ń dá se ọbẹ̀ rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, ìdílé ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún baálé yín kí wọ́n tó dé. Màmá yẹn àti àwọn ọmọ-ọmọ méjèèjì, ìdílé ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Onípéósì Arówómọlé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gba owó, n ó sọ èyí tí mo mọ̀.

Láti ọdún 2023, inú àkáǹtì ni owó ń wọ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń kó owó náà wá kà fún wọn lójúkojú ni. Nítorí náà NIN àti àkáǹtì ti di dandan, kí orúkọ tó wà lára méjèèjì sì bára mu pẹ̀lú èyí tó wà nínú ìwé. Mo rí màmá kan tí wọ́n kọ "Ìyá Súnbọ̀" fún nínú ìwé, tí NIN rẹ̀ sì ń jẹ́ nǹkan mìíràn. Títí di òní, kò tíì yanjú. Orúkọ tó wà lára NIN ni kí ẹ pè fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kọ ọ́, kì í ṣe orúkọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀.

Gbígba NIN fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gba owó, nítorí náà ẹ wo orúkọ àti ọjọ́ ìbí dáadáa kí ẹ tó kúrò níwájú kọ̀ǹpútà. Ní ti ìka, ìyá mi náà ní irú ìṣòro yẹn, agbẹ̀ ni wọ́n. A fi omi ọṣẹ fọ ọwọ́ wọn, a fi òróró díẹ̀ pa á ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a sì nù ún kó gbẹ láàárọ̀. Òṣìṣẹ́ náà ní sùúrù, ó gbìyànjú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan mú. Wọ́n tún máa ń ya fọ́tò ojú. Ẹ má gbà kí wọ́n fi ìka kan ṣoṣo dán an wò kí wọ́n wá ní kí màmá máa lọ sílé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ kìlọ̀ fún àwọn arúgbó wa: ẹni tó bá pè wọ́n pé kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wọ fóònù wọn sókè, kí wọ́n pa fóònù. Ìjọba kì í béèrè PIN. Àwọn líǹkì tí wọ́n ń tan kiri lórí WhatsApp pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ gba owó ìrànwọ́, ẹ máa pa á rẹ́.

Tíṣà fẹ̀yìntì

Ẹ kú ìjókòó. Ó yẹ kí Ọmọ Màsífà mọ bí owó yìí ṣe ń rìn, kó má baà rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ màmá sílẹ̀ nìkan ni.

Ọdún 2016 ni ètò owó ìrànwọ́ fún àwọn aláìní yìí bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Buhari. Báńkì Àgbáyé yá wa ní mílíọ̀nù 500 dọ́là fún un lọ́dún náà, wọ́n sì tún fọwọ́ sí mílíọ̀nù 800 míràn ní ìparí ọdún 2021. Nígbà yẹn, ₦5,000 ni ti oṣù kan, wọ́n sì máa ń kó ti oṣù méjì pọ̀. Obìnrin tó ń ṣètọ́jú ilé ni wọ́n sábà máa ń kó o fún, èyí sì dára, torí owó tó bá bọ́ sọ́wọ́ ìyá, ikùn ọmọ ló máa ń wọ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Gbogbo wa la mọ ohun tí owó ọkọ̀ dà láti Sábó sí ibikíbi. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn máa fún ìdílé mílíọ̀nù 12 ní ₦8,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà. Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n dá a dúró. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tó jẹ́ ₦25,000 lẹ́ẹ̀mẹta fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Kò pẹ́ tí ẹ̀sùn ìkówójẹ jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n dá mínísítà tó ń bójú tó ètò náà dúró, wọ́n sì ti gbogbo ètò ìrànwọ́ náà pa fún ìgbà kan láti wádìí. Nígbà tó padà bẹ̀rẹ̀, NIN ló ń fà á sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹnìkan fi gba lẹ́ẹ̀kan, tí ẹlòmíràn gba lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹlòmíràn kò sì tíì rí nǹkan kan.

Èrò tèmi ni pé kíkà ta ló tálákà jù yìí ń rẹ èèyàn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n ó ní kí wọ́n máa fún gbogbo àgbà tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, kó parí síbẹ̀. Orílẹ̀-èdè Lesotho kò lówó tó wa, ṣùgbọ́n láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń fún àgbà tó bá ti pé ẹni 70 ọdún lówó lóṣooṣù. Ní ilẹ̀ wa níbí, Èkìtì bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ lọ́dún 2011, ₦5,000 fún arúgbó tó ti lé ní 65. Ọ̀ṣun náà ṣe tirẹ̀, Àgbà Ọ̀ṣun, ₦10,000. Gómìnà yí padà ní Èkìtì, owó dúró. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Owó tó bá rọ̀ mọ́ ẹnìkan, ọjọ́ tí ẹni náà bá lọ ló máa bá a lọ.

Òṣìṣẹ́ káńsù tẹ́lẹ̀

Tíṣà, mo gbọ́ yín o, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọjọ́ orí nìkan, kí ni a ó ṣe fún opó ẹni ọdún 35 tó ní ọmọ mẹ́rin? Kí ni a ó ṣe fún ọkùnrin tí ọ̀kadà gé lẹ́sẹ̀? Mo fara mọ́ owó àgbà, kó wà, kí ìwé náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí tó ń dun èmi ni pé ní ilẹ̀ wa, àfi kí wọ́n wá bá ọ. Ní Brazil, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Bolsa Família, ètò owó aláìní tiwọn, lọ́dún 2003, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò, ìdílé sì lè dìde fúnra rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìlú rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, kó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú lánàá lè lọ sọ ọ́ lónìí. Bí tábìlì kan bá wà ní káńsù Kínńírá àti ti Arówómọlé, tí òṣìṣẹ́ kan jókòó sídìí rẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí dé ibi tó dé. Ohun tó yẹ kí á máa béèrè lọ́wọ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ wa nìyẹn nígbà tí wọ́n bá wá béèrè ìbò.

Ọmọ Màsífà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Mo ti bá baálé sọ̀rọ̀, wọ́n gbà láti fọwọ́ sí lẹ́tà. A ti rí ìdílé mẹ́sàn-án tó yẹ kó wà nínú rẹ̀.

Nǹkan mìíràn ti wá yọjú. Nígbà tí mo sọ fún màmá, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé ẹ fẹ́ lọ ka orúkọ mi níwájú gbogbo ìlú pé mo di alágbe ni? Ọkọ mi tó kọ́lé yìí ńkọ́?" Omi lé sí wọn lójú. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Láti ọjọ́ náà, wọn ò dá mi lóhùn bí wọ́n ṣe máa ń dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀.

Ọmọ ará Tàmálè

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ tó o sọ yìí wọ̀ mí lára.

Tàmálè ni bàbá mi àgbà ti ṣòwò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi ń sọ fún wa pé àpótí kan àti ẹní méjì ni wọ́n gbé délé. Ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń bù ọkà fún ní agbolé tirẹ̀. Kò bẹ ẹnikẹ́ni rí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń gbé àwo wá ní ìrọ̀lẹ́, á ní, "Oúnjẹ ṣẹ́kù lọ́dọ̀ wa." Ìyá mi ní gbogbo ilé ló mọ̀ pé oúnjẹ kì í ṣẹ́kù níbẹ̀.

Bí agbolé ṣe ń bo ìtìjú èèyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n agbolé òde òní ti ṣófo. Ẹni tí ì bá gbé àwo wá wà ní Èkó, bí ó bá sì wà nílé, òun náà ń wá ohun tí yóò jẹ.

Nígbà tí ó kan ìyá bàbá mi, tí wọ́n ń kọ ọ́, ohun tí mo sọ fún wọn ni pé, "Màmá, kì í ṣe ìtọrẹ. Owó epo rọ̀bì ni. Ẹ̀yin náà ló ni epo náà, ìpín yín ni wọ́n ń mú wá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tún ní bí orúkọ yín bá wọlé, ti àwọn mìíràn tó ń tijú á rọrùn láti wọlé. Èyí ló mú wọn. Ẹ má lo ọ̀rọ̀ náà "òtòṣì" lójú wọn. Ẹ sọ pé ìwé àwọn àgbà tó ń tọ́ ọmọ ni. Bí àwọn obìnrin ìpàdé bá gbọ́n, wọ́n lè pe orúkọ náà láìjẹ́ pé màmá dìde dúró, torí kò pọn dandan kí ẹni tí wọ́n ń kọ fúnra rẹ̀ wà ní ìpàdé. Ẹlòmíràn lè sọ fún un.

Nǹkan kan tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ilẹ̀ Gánà tó lé wa ti ní ètò tiwọn, LEAP, láti ọdún 2008. Oṣù méjì méjì ni wọ́n ń san án fún ilé tó ní arúgbó tí kò ní olùrànlọ́wọ́, ọmọ òrukàn, tàbí ẹni tí àbùkù ara rẹ̀ le. Ìbátan wa kan tó padà síbẹ̀ sọ pé ẹni tó bá wà nínú LEAP kì í san owó ìforúkọsílẹ̀ ètò ìlera. Ìyẹn gan-an ló máa ń gba àwọn arúgbó là.

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù

Mo dúpẹ́ pé ẹni tó ṣáájú mi dárúkọ ìlera, torí gbogbo yín ń sọ owó, owó. Orúnkún màmá ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí àpò ìlera ìpìlẹ̀. Nǹkan bí ìdajì owó náà ń gba ọwọ́ ètò adójútòfò ìlera kọjá, láti fi san owó ìtọ́jú fún àwọn aláìní. Ní ìpínlẹ̀ wa, OYSHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló ń ṣe ìforúkọsílẹ̀ náà. Wọ́n yan ilé ìlera ìjọba kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan fún un, ibẹ̀ sì ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọlé ti ń gba ìtọ́jú láìsan owó: aboyún àti ìbímọ, ibà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ìfètò-sọ́mọ-bíbí, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Kì í ṣe gbogbo àìsàn, mi ò ní tan yín.

Ọmọ Màsífà, má dúró de ìwé owó. Lọ béèrè lọ́wọ́ olórí ilé ìlera wọ́ọ̀dù yín bóyá tiwọn ni wọ́n yàn, kí o sì béèrè ọjọ́ tí àwọn OYSHIA máa ń wá forúkọ sílẹ̀. Mú ọmọ kékeré yẹn dání pẹ̀lú, tòun ti káàdì àjẹsára rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó wà nínú ètò yìí tí wọn ò mọ̀ pé àwọn wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń yá owó ra oògùn ibà tí ì bá jẹ́ ọ̀fẹ́ fún wọn.

Ọmọ Oríire

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé wa ní abúlé. Láti Ìkòyí-Ilé wọ inú oko, ilé kan síbí, ilé kan sọ́hùn-ún ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá, ọjọ́ ọjà ló bọ́ sí, ìdajì abúlé ò sí nílé. Ẹ bá wọn dá ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà.

Ohun kejì tó wà lọ́kàn mi: àwọn Bòròró tó wà ní gáà, àwọn Àgàtú tó ń bá wa kọ ebè, wọn kì í pè wọ́n sí ìpàdé. Àwọn èèyàn wa á ní, "Àlejò ni wọ́n." Ibi tí èèyàn ń gbé ni ìwé yẹn ń béèrè, kò béèrè ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Obìnrin Àgàtú kan bímọ nínú oko wa ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn, ará ilé mi sì ni ẹni tó ń gbé nínú oko mi.

Ìyá alátẹ Wàásọ

Ọmọ Oríire, Ọlọ́run á bù kún ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn nípọn.

Kí n tètè sọ èyí kí n tó padà sídìí ata mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da owó ìrànwọ́ pọ̀ mọ́ TraderMoni. Èyí tí wọ́n fún wa lọ́jà lọ́dún 2018, ₦10,000, ẹ̀yáwó ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní èlé. Ẹni tó bá san án padà ni wọ́n ń fún ní èyí tó jù ú lọ. Àwọn kan rò pé ìpín àwọn ni, wọ́n jẹ ẹ́, nígbà tí wọ́n wá rí ₦25,000 yìí, ẹ̀rù bà wọ́n láti gbà á, wọ́n ní gbèsè mìíràn ni. Owó aláìní yìí kì í ṣe gbèsè. Ẹ sọ ọ́ fún màmá kó yé wọn yékéyéké.

Tíṣà fẹ̀yìntì

Òṣìṣẹ́ káńsù, mo gbà fún yín. Opó ẹni ọdún 35 kò gbọdọ̀ dúró di àádọ́rin. Lọ́dún 2012, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, fẹnu kò sórí ìmọ̀ràn kan pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tẹ́ ilẹ̀ kan sísàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá ṣubú kò ní jìn kọjá rẹ̀: ìtọ́jú ìlera, owó ìgbọ́bùkátà fún ọmọdé, fún ẹni tó lágbára iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò rí owó, àti fún àgbà. Gbogbo rẹ̀ papọ̀. Mo ti ń tẹnu mọ́ èyí tó kẹ́yìn jù nítorí ara mi ló wà.

Ní ti lẹ́tà yẹn, bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. N ó bá yín wò ó.

Ọmọ Màsífà

Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ṣèlérí pé n ó padà wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Tíṣà bá wa tún lẹ́tà náà ṣe, a mú un lọ sí káńsù, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà wa. Ìdílé mẹ́sàn-án di mẹ́rìnlá, nítorí nígbà tí baálé ka lẹ́tà náà ní ìpàdé agbolé, àwọn obìnrin ní ó ku àwọn kan. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin Àgàtú kan pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó yá yàrá lẹ́yìn ilé wa. Ọmọ Oríire, ọ̀rọ̀ rẹ ló mú mi béèrè. Àwọn SOCU kò tíì wá, káńsù ní kí á máa padà wá wò. Mo ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú.

NIN: a fi òróró pa ọwọ́ màmá bí Onípéósì ṣe wí. Ẹ̀rọ mú ìka mẹ́rin, wọ́n sì ya fọ́tò ojú. Ìwé náà ti jáde, orúkọ tó pé ló wà lára rẹ̀. A ti ṣí àkáǹtì.

Ilé ìlera wọ́ọ̀dù wa wà lára àwọn tí wọ́n yàn. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ màmá, ó ga gan-an. Wọn ò mọ̀ rí. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ti kọ oògùn fún wọn, ó sì ti kọ orúkọ wọn àti ti àwọn ọmọ méjèèjì sílẹ̀ de ọjọ́ tí àwọn OYSHIA yóò wá.

Ní ti ìtìjú, mo lo ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì tí ẹ̀gbọ́n wa ará Tàmálè kọ́ mi. Màmá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé ti bàbá rẹ náà wà níbẹ̀?" Mo ní ó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá bá mi fúnra wọn pé ọ̀rẹ́ àwọn kan wà ní Ìjẹ̀rú tí ojú rẹ̀ ti ń fọ́, ṣé a lè fi orúkọ rẹ̀ sí i. Mo sọ fún wọn pé àdúgbò tirẹ̀ ni yóò kọ lẹ́tà tirẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Ìjẹ̀rú nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.